Bẹ́ẹ ṣe lè jí sax àlòkù tó ti kú dìde nínú yàrá yín

Fíríìjì ni mo lọ rà l'Ékòó lọ́jọ́ náà o. Èmi àti bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn la jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń já ẹrù tokunbọ̀, bí mo ṣe ń yẹ ìdí fíríìjì wò ni mo rí àpótí dúdú kan tí wọ́n to tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta lé lórí, mo ní kí wọ́n bá mi fà á jáde, mo ṣí i, sax ló wà ńbẹ̀. Ara ẹ̀ ti ṣú, òwú aláǹtakùn ti dí ẹnu ẹ̀, páàdì méjì ti já bọ́ sínú àpótí, ó sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pa mọ́ láì tíì gbẹ. Ẹni tó ń tà á ní "fèrè ṣọ́ọ̀ṣì ni, alàgbà, ẹ mú ₦65,000 wá." A ná an títí, ó gbà ₦40,000. Bí mo ṣe gbé e wọlé báyìí, ìyá Bọ́lá wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, fíríìjì dà?"

Oṣù mẹ́ta ló gbà mí kó tó dún, alaalẹ́ àti ọjọ́ Sátidé. Mi ò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kankan, iṣẹ́ wáyà iná ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n mo ti tún méjì mìíràn ṣe lẹ́yìn tàkọ́kọ́ yẹn, mo sì ti ṣe àṣìṣe tó pọ̀ tó láti gba ẹlòmíì sílẹ̀. Torí náà ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tí sax jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Adolphe Sax, ará Belgium, ló ṣe é, ọdún 1846 ló gba ìwé àṣẹ ẹ̀ ní Paris, àtìgbà yẹn sì rèé, nǹkan kan náà ṣì ni: páìpù idẹ tó fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, wọ́n dá ihò sí i lára, kíì kan wà lórí ihò kọ̀ọ̀kan, abẹ́ kíì yẹn ni páàdì wà tó ń dé ihò pa. Ó parí. Tí páàdì bá dé ihò pa pátápátá, ó máa dún. Tí afẹ́fẹ́ bá ń jò níbì kan, bó ti wù kó kéré tó, ẹ máa fẹ́ títí iṣan ọrùn yín á fi yọ, gbígbin lásán lẹ máa gbọ́. Èèyàn tó pọ̀ tó bá ra àlòkù, Brasso ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Wọ́n á nù ún, á dán yìnrìn bíi wúrà, wọ́n á gbé e sẹ́nu, kò ní dún. Ẹ fi dídán sílẹ̀ jàre, dídí ni kẹ́ẹ máa lé.

KẸ́Ẹ TÓ SANWÓ

Ẹ wo ọrùn ẹ̀ ná. Ọrùn ni idẹ kékeré tó tẹ̀ kọrọdọ tó ń wọ orí ẹ̀, òun ni máòtìpíìsì, ibi tí ẹnu ti ń fẹ́ ẹ, ń wọ̀. Tí ọrùn bá ti sọnù, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wọn, torí ọrùn sax kan kì í sábà bá òmíì mu, kódà tó bá tiẹ̀ wọlé, ohùn ẹ̀ lè máa ṣìnà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbé e dábùú, kẹ́ẹ dijú kan kẹ́ẹ fi ìkejì wò ó lọ bí káfíńtà ṣe máa ń wo pákó bóyá ó tọ́. Tí ara ẹ̀ bá ti tẹ̀, àwọn ọ̀pá tó gbé kíì dúró á máa há, ìyẹn ju agbára wa lọ. Kíì tó sọnù náà, wàhálà ni. Ibi tó wọnú lára ẹ̀ ò burú tó bá jìnnà sí ihò, àmọ́ tó bá kan etí ihò, ihò yẹn ò ní tẹ́jú mọ́, páàdì ò sì ní rí i dé.

Páàdì tó já, kọ́ọ̀kì tó ti jẹ, sípíríǹgì tó kán, ìdọ̀tí, ara tó ṣú, kò sí èyí tó jẹ́ bàbàrà nínú ìwọ̀nyẹn, àwọn gan-an ni kẹ́ẹ máa nawọ́ sí tẹ́ẹ bá ń nájà. Ẹ kàn wò ó bóyá àmì pupa wínníwínní wà lára idẹ ẹ̀ tó jọ àwọ̀ bàbà. Bàbà àti síńkì ni wọ́n pò di idẹ, ibi tó pọ́n yẹn, síńkì ti ń jáde níbẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ojú kan méjì, kò ṣe nǹkan kan. Tó bá ti bo gbogbo ọrùn, ẹ yẹra.

Nǹkan méjì ló ń já èèyàn kulẹ̀ jù nínú àwọn tó gbó gan-an, ti ayé 1910s àti 1920s. Ìkíní ni èyí tí wọ́n kọ H.P. tàbí HIGH PITCH sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ẹ̀ lẹ́yìn. Láyé ìgbà yẹn ẹgbẹ́ olórin kan ń lo ohùn A (èyí táwọn olórin fi ń bá ara wọn mu) tó ga, tó ń gbọ̀n bíi ìgbà 457 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, dípò 440 tá à ń lò báyìí, wọ́n sì ṣe sax tó bá a mu. Kò sí bẹ́ẹ ṣe fẹ́ fa máòtìpíìsì ẹ̀ jáde tó máa fi bá kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì mu, ẹ má wulẹ̀ rà á àyàfi tẹ́ẹ bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀. Ìkejì ni irú sax kan tí wọ́n ń pè ní C melody. Wọ́n ṣe é fún àwọn tó fẹ́ dúró ti ẹni tó ń tẹ dùùrù nínú ilé kí wọ́n ka ìwé orin kan náà. Ó dáa o, kì í ṣe pé kò dáa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ alto tàbí tenor (irú sax méjì tó wọ́pọ̀, tenor tóbi ju alto lọ) lẹ ń wá, kì í ṣe òun nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti rà á pẹ̀lú èrò pé tenor kékeré ni. Bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé: ẹ fi ìka àárín ọwọ́ òsì nìkan tẹ kíì kejì lókè, C àárín nìyẹn nínú ìwé orin sax, kódà sax tó ti kú sábà máa ń dún díẹ̀ níbẹ̀ torí pé kíì tó gbọ́dọ̀ dé fún un ò pọ̀. Ẹ wá kíbọ́ọ̀dù orí fóònù, kẹ́ẹ fi wá ohùn tó bá a mu. Tó bá bọ́ sí E flat, alto ni. B flat, tenor. Tó bá bọ́ sórí C gẹ́lẹ́, C melody ni.

Ní tèmi, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kó lọ wá sax táwọn ọmọ ilé ìwé ń lò l'Ámẹ́ríkà, bíi Bundy, Vito tàbí Yamaha YAS-23, torí wọ́n ṣe wọ́n kí ọmọ lè máa sọ ọ́ mọ́lẹ̀, idẹ wọn nípọn. Tèmi yẹn, Bundy alto, Elkhart ní Indiana ni wọ́n ti ṣe é. Buescher tó ti ń ṣe sax nílùú yẹn tipẹ́ ni Selmer ti Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó ni Bundy, rà ní 1963, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló pọ̀ nínú Bundy. Ẹ máa rí Weltklang ti ìlà oòrùn Jámánì àti Amati ti ilẹ̀ Czech náà, àwọn yẹn lágbára bí irin. Mo fẹ́ràn àgbà tó dọ̀tí ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, tí kíì ẹ̀ ń tẹ̀ bíi ṣíbí tẹ́ẹ bá ti fọwọ́ lé e.

TÍTÚ U

Kẹ́ẹ tó tú síkúrù kankan, ẹ ya fọ́tò. Iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, ìsúnmọ́, ìjìnnà. Ẹ tún ya fídíò níbi tẹ́ẹ ti ń tẹ kíì kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rò pé ẹ máa rántí, ẹ ò ní rántí.

Irinṣẹ́ tí mo lò ò pọ̀: sikurudíráfà kéékèèké mẹ́ta, pláyà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, òróró máṣíìnì ìránṣọ, àti abẹ́rẹ́ oníkọ́ tí wọ́n fi ń hun kádígàn. Ti ìyá Bọ́lá ni mo jí. Kọ́ orí ẹ̀ yẹn lẹ máa fi fa sípíríǹgì kúrò níbi tó ti gbé kíì. Sikurudíráfà yín, ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ kún ojú síkúrù gẹ́lẹ́, tí kò bá kún un, ẹ fi fáìlì pá a kó bá a mu, torí tó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú síkúrù á jẹ, á sì tún họ ara idẹ.

Tí síkúrù bá ti dípẹtà, ẹ má fipá tú u. Ẹ kán òróró tó ń wọ ìpẹtà sí i, WD-40 náà dáa, kẹ́ẹ lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì ẹ gbé sikurudíráfà lé e, kẹ́ẹ fi òòlù kékeré gbá ìdí ẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́, kẹ́ẹ tó yí i. Ọ̀kan wà nínú tèmi tó gbà ọjọ́ mẹ́rin, ó jẹ́ pé lọ́jọ́ karùn-ún ni mo tẹ sikurudíráfà lé e tó sì yí wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn kíì ńlá ti ẹnu ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ àwọn ti ẹ̀gbẹ́, ẹ wá fi ọ̀wọ́ kíì ọwọ́ òsì àti tọwọ́ ọ̀tún ṣe ìkẹyìn. Bẹ́ẹ bá ṣe yọ ọ̀pá kan, ẹ tì í padà sínú kíì ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, má kó gbogbo ọ̀pá sójú kan o, wọ́n jọra bí ìbejì ṣùgbọ́n wọn ò gùn bákan náà. Kéréètì ẹyin ni mo fi kó tèmi, ojú ihò kọ̀ọ̀kan mo lẹ pépà mọ́ ọn: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Ó dáa ju àwo lọ torí bí Bọ́lá ṣe fẹsẹ̀ kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, nǹkan kan ò dàpọ̀.

Tó bá jẹ́ Buescher àtijọ́ lẹ rà, ẹ ṣọ́ra, irin roboto kékeré kan wà láàárín páàdì ẹ̀ tó ń dè é mọ́lẹ̀ bíi bọ́tìnnì alábẹ̀tẹ̀. Ẹ má dà á nù pẹ̀lú páàdì.

FÍFỌ̀ Ọ́

Ìgbà tí kò bá sí kíì tàbí páàdì lára ẹ̀ mọ́ lẹ tó lè fọ̀ ọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú baàfù, ọṣẹ ìfọwo, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọgò fún inú ẹ̀. Ibi funfun gbagidi tó ti dì mọ́ inú ọrùn, itọ́ àwọn tó ti fọn ọ́n láti bí ọgbọ̀n ọdún ni, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sómi kẹ́ẹ rẹ ọrùn yẹn sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ṣí. Ẹ má fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì o, á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ idẹ.

Ẹ má fi Brasso kàn án. Fáníìṣì tín-ín-rín kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n fi bo idẹ, Brasso á bó o, lẹ́yìn oṣù méjì á tún ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ́ wá di ẹrú nínù. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé erùpẹ̀ tó wà nínú Brasso máa ń wọ inú kíì níbi tí ọ̀pá ti ń yí, á máa họ ọ́ bíi sáńpépà. Gbàrà tẹ́ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán ẹ gbẹ omi ẹ̀ kíákíá, ní pàtàkì ara sípíríǹgì, kẹ́ẹ fi ìka kan òróró kẹ́ẹ fi pa wọ́n. Irin ni wọ́n, ojú òwúrọ̀ kan ti tó kí wọ́n dípẹtà.

Sípíríǹgì tó bá ti kán ńkọ́? Wọ́n jọ abẹ́rẹ́, wọ́n gba inú òpó kékeré kọjá. Ẹ fi pláyà ti kùkùté ẹ̀ padà síbi tó ti wọlé, á jáde. Ẹ lè ra tuntun, àmọ́ abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó bá gígùn àti nínípọn ẹ̀ mu náà ń ṣe é, èmi ti ṣe mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ẹ fi iná jó ìdí ẹ̀ kó rọ̀ díẹ̀, ẹ gé e síbi tó yẹ, ẹ fi òòlù tẹ ìdí yẹn pẹlẹbẹ kó lè há mọ́ inú òpó, ẹ fà á wọlé. Ibi orí ẹ̀ tó ń gbé kíì, ẹ má jẹ́ kí iná kàn án, tó bá rọ̀, kò ní ta padà mọ́.

PÁÀDÌ, IBI TÍ IṢẸ́ WÀ

Alto ní páàdì bíi 24. Páálí ló wà lẹ́yìn ẹ̀, aṣọ onírun tó nípọn wà láàárín, awọ ló bo ojú ẹ̀. Ìrì àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa yìí ò bá wọn ṣọ̀rẹ́ rárá, aṣọ inú ẹ̀ á wú, á hu, awọ á le bíi pọ̀nmọ́ tí kò jinná. Tẹ́ẹ bá rí i pé márùn-ún mẹ́fà ti bàjẹ́, ẹ kúkú pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Ẹ fi kálípà wọn inú àwo kíì kọ̀ọ̀kan ní mìlímítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ẹ tó rà á. Páàdì yẹn gbọ́dọ̀ bọ́ sínú àwo ẹ̀ fúnra ẹ̀ láìfi ipá tì í, láì sì máa mì jìgìjìgì nínú ẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Peckham ló bá mi ra tèmi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé.

Ẹ gbọ́ àṣìṣe mi kẹ́ẹ má ṣe é. Súpà gúlù ni mo fi lẹ mẹ́fà àkọ́kọ́. Mo rò pé bó bá ṣe lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló ṣe dáa tó. Gbogbo ẹ̀ ló lẹ̀ wọ́n-ìn, gbogbo ẹ̀ ló sì wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ga ẹ̀gbẹ́ kan rẹlẹ̀, kò sì sí nǹkan tí mo lè ṣe sí i mọ́, mo fa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ya, owó lọ. Nǹkan tó ń lẹ páàdì gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan tí iná lè yọ́ padà, kẹ́ẹ lè máa tún un gbé sókè sódò títí á fi tẹ́jú. Ṣẹ̀láàkì ni wọ́n ń lò látijọ́, gúlù gbígbẹ pupa rẹ́súrẹ́sú bíi oyin tó dì, àwọn káfíńtà tó ń fi pólíìṣì pa àga mọ̀ ọ́n. Gúlù onígi funfun tí wọ́n ń fi ìbọn yọ́ náà ń ṣiṣẹ́, àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan ṣoṣo yékéyéké, ìyókù bákan náà ni. Mo yọ páàdì àtijọ́ kúrò nínú àwo, mo fi ọ̀bẹ ha ṣẹ̀láàkì gbígbẹ tó kù, mo fi sípírítì nù ún. Mo yọ́ ṣẹ̀láàkì tuntun lórí láńpù sípírítì, mo fi pa ẹ̀yìn páàdì, kó tẹ́ dé etí, kì í ṣe kíkán sójú kan láàárín o, tó bá jẹ́ àárín nìkan, páàdì á máa mì bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé e sínú àwo. Mo fi pláyà di kíì mú, mo gbé ẹ̀yìn àwo sókè iná, mo ń yí i, mo kà dé bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo fi ìka tì í, ó yọ̀ nínú ẹ̀ bí òrí tó rí oòrùn. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí dígí pẹlẹbẹ kó tẹ́jú, mo ní sùúrù kó tutù. Láítà sìgá máa ń dá èédú dúdú sí i lára, láńpù sípírítì mọ́ jù ú lọ. Kíì tó bá ní òkúta funfun tí ìka ń tẹ̀, ẹ jẹ́ kí iná jìnnà sí i, á sán tàbí kó jó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo dá kíì padà sí ara sax, òun nìkan ṣoṣo, mo wá fi téèpù yẹ̀ ẹ́ wò. Téèpù wo? Ti inú kásẹ́ẹ̀tì ni. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì fújì àtijọ́ kan tó ti ń fà, mo gé téèpù inú ẹ̀ ní gígùn ìka, ó tín-ín-rín ju pépà lọ. Ẹ fi í sáàárín páàdì àti etí ihò, ẹ fi ìka fúyẹ́ dé kíì, ẹ fa téèpù díẹ̀díẹ̀. Tó bá dì í mú, ó dáa, tó bá yọ wọ̀ọ́, ibẹ̀ ń jò. Ẹ ṣe é níwájú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó gbọ́dọ̀ dì í mú bákan náà yíká. Tí ẹ̀yìn bá ń dì í ṣùgbọ́n tí iwájú ń yọ̀, páàdì nípọn jù tàbí ẹ̀yìn ẹ̀ ga jù. Tó bá jẹ́ iwájú ló ń dì tí ẹ̀yìn ń yọ̀, ó tín-ín-rín jù. Ẹ fi iná kan ẹ̀yìn àwo lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ki ẹ̀yìn ọ̀bẹ pẹlẹbẹ sáàárín, ẹ rọra gbé ibi tó ga wọlé, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún fa téèpù. Mo ṣe páàdì kan nígbà mọ́kànlá. Ìka fúyẹ́ ni mo sọ o! Tẹ́ẹ bá tẹ kíì bí ẹni tó ń lọ ata, gbogbo páàdì ló máa dé lójú yín, kíì á sì tẹ̀ lábẹ́nú.

Etí ihò fúnra ẹ̀ náà lè má tẹ́jú. Ẹ̀rù fáìlì ni kó máa bà yín, àgàgà tó bá jẹ́ sax Conn àtijọ́ tí wọ́n ká etí ihò ẹ̀ sóde bíi etí kọ́ọ̀bù tánganran, tẹ́ẹ bá fi fáìlì pá ìyẹn, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn.

TAN INÁ SÍNÚ Ẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ mi gbè mí. Mo ní wáyà LED tó kù láti ilé kan tí mo ṣiṣẹ́ sí, èyí tó rí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ síílìnì, mo tì í bọ inú sax látòkè dé ìsàlẹ̀, mo so ó mọ́ bátìrì. Nínú òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe é, torí náà alẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ ni iṣẹ́ yìí dùn jù, ó jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo tí mo ti bá wọn dúpẹ́. Ẹ tẹ kíì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka fúyẹ́ kẹ́ẹ wo etí ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá yọ bíi fọ́nrán irun, ibẹ̀ ló ń jò.

Ibi tó máa da yín láàmú ni àwọn kíì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Tẹ́ẹ bá tẹ F, kíì kékeré kan lókè ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní F sharp, gbọ́dọ̀ dé pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni fún E àti D. Tí F bá dé ṣùgbọ́n tí F sharp ṣì là díẹ̀, gbogbo ìsàlẹ̀ ò ní dún, ẹ̀ẹ́ sì máa bú páàdì tí kò ṣẹ̀ yín. Kọ́ọ̀kì tín-ín-rín tó wà lábẹ́ apá tó so wọ́n pọ̀ ló ń ṣe é. Ẹ ki pépà tín-ín-rín kan sábẹ́ kọ́ọ̀kì yẹn, ẹ wò ó, ẹ fi méjì sí i, títí méjèèjì á fi dé papọ̀, ẹ wá gé kọ́ọ̀kì tó nípọn tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti pọ̀ jù, ẹ fi sáńpépà ha á. G sharp náà ńkọ́? Ẹ tẹ D, kẹ́ẹ wá fi ìka kékeré ọwọ́ òsì tẹ G sharp, G sharp ò gbọ́dọ̀ ṣí. Tó bá ṣí, síkúrù kékeré kan wà lórí ẹ̀ tẹ́ẹ máa yí díẹ̀, ìlàjì ìlàjì ni o. Kíì octave, èyí tí àtàǹpàkò òsì ń tẹ̀ kí ohùn lè ga sí i, ńkọ́: tẹ́ẹ bá tẹ octave pẹ̀lú G, ihò orí ọrùn gbọ́dọ̀ wà ní dídé, ti ara ni kó ṣí, bẹ́ẹ bá ti bọ́ sí A, ti ara á dé, ti ọrùn á ṣí. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òrùka irin roboto tó yí ọrùn ká ló tẹ̀, ẹ rọra fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà, má fi pláyà.

KỌ́Ọ̀KÌ ỌRÙN ÀTI MÁÒTÌPÍÌSÌ

Èyí ò le. Ẹ ha kọ́ọ̀kì àtijọ́ kúrò, ẹ fi sípírítì nù ún, ẹ gé kọ́ọ̀kì tuntun tó nípọn tó mìlímítà kan àtààbọ̀, ẹ fá etí kan ẹ̀ ní ṣẹ́gẹ́ṣẹ́gẹ́ kí ìparí ẹ̀ lè gun orí ẹ̀ láì ga. Gọ́ọ̀mù táwọn ṣúmékà ń lò ni, ẹ pa á sí kọ́ọ̀kì, ẹ pa á sí ọrùn, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ẹ wá yí i mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí tó bá ti kàn, ó kàn nìyẹn. Ẹ fi sáńpépà ha á díẹ̀díẹ̀ títí máòtìpíìsì á fi wọlé pẹ̀lú agbára díẹ̀. Òrí ni mo fi ń pa tèmi kó lè máa yọ̀.

Máòtìpíìsì dúdú àtijọ́ tó bá ti di àwọ̀ ewéko, rọ́bà líle ni, ẹ má fomi gbígbóná fọ̀ ọ́ láéláé, àwọ̀ ewéko yẹn á tún pọ̀ sí i, á sì máa rùn bíi ìṣáná. Omi tútù àti ọṣẹ ni. Ẹ ra ríìdì tuntun (pákó tín-ín-rín tó ń gbọ̀n lára máòtìpíìsì), nọ́ńbà 2 tàbí 2½, ríìdì tẹ́ẹ bá nínú àpótí, ẹnu ẹlòmíì ló ti wà, ẹ jù ú nù.

FÍFỌN

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀. Ẹ fọn B, A, G, kẹ́ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti kọ̀ tàbí tó ti ń gbọ̀n, ibẹ̀ tàbí òkè ibẹ̀ ni kẹ́ẹ ti padà wá ibi tó ń jò, má wá a nísàlẹ̀. Tèmi dúró sí D fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti fẹ́ tà á. Páàdì òkè kan tí mi ò fọkàn sí, ti ẹ̀gbẹ́ tí à ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí, ló ń jò bíi fọ́nrán irun. Alẹ́ tí mo tún un ṣe, mo fọn títí mo fi dé B flat ìsàlẹ̀ pátápátá, ó dún bíi fèrè ọkọ̀ ojú omi, fèrèsé pálọ̀ ń gbọ̀n. Ìyá Bọ́lá ké láti kíṣìnnì: "Ṣé fíríìjì yẹn náà nìyẹn?"

Àwọn kan á ní àwọn ti dàgbà jù láti kọ́ ọ. Kàkàkí òyìnbó ni Fela lọ kọ́ ní Trinity College of Music ní London ní 1958 o, òun kọ́ ló ń fọn sax tenor inú orin ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, Igo Chico ni, ìgbà tí Igo Chico fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló tó gbé tenor fúnra ẹ̀, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa nígbà yẹn.

Tẹ́ẹ bá ti fọn ún tán, ẹ fa aṣọ gbígbẹ gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ má sì ti àpótí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pàápàá lásìkò òjò, ẹ jẹ́ kó gbatẹ́gùn díẹ̀. G sharp á máa lẹ̀ mọ́ ihò ẹ̀, gbogbo sax ló ń ṣe é, ẹ ki tíṣù sábẹ́ ẹ̀, ẹ dé e lé e, ẹ yọ ọ́, á mu itọ́ tó wà ńbẹ̀. Òróró máṣíìnì, ìkán kan péré sí ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́ẹ nu èyí tó bá ṣàn kúrò kó má dé ara páàdì.